Inflammable: Ṣé Ó Ń Jó ni àbí Kì í Jó?

Bí ẹ bá ti wọkọ̀ rí láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ mọ Ṣàngó Ọ̀tà. Ẹ mọ abẹ́ bíríìjì yẹn, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti máa ń fún èèyàn láyè láti ka gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Àwa náà ti ka púpọ̀ níbẹ̀: pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, pátákó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, orúkọ kọ́ńpìnì lára bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a kà jù ni ẹ̀yìn táńkà epo. Lẹ́tà gàgàrà, ọ̀dà pupa: HIGHLY INFLAMMABLE. Táńkà mìíràn á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tiẹ̀ á ní HIGHLY FLAMMABLE. Ẹrù kan náà ni àwọn méjèèjì gbé. Ibi tó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀ sì ni wọ́n dúró sí o.

Nígbà tí a wà ní JSS 2, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa kọ iṣẹ́ kan sójú pátákó: ẹ fi in-, im-, il- tàbí ir- síwájú àwọn ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ lè rí òdìkejì wọn. Correct di incorrect. Possible di impossible. Legal di illegal. Ó ní kí kálukú wá ọ̀kan kún un fúnra rẹ̀. Àwa ọmọ ojú títì, ẹ̀yìn táńkà ni ọkàn wa lọ. A kọ flammable, a kọ inflammable sí iwájú rẹ̀, a wá fi Yorùbá kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: "èyí tí kì í jó". Bíró pupa kọjá níbẹ̀, ó fi máàkì sí i pé a gbà á. Inú wa dùn. Ó tó ọdún mélòó kan kí ẹnì kan tó sọ fún wa pé ohun tí a kọ yẹn lè pa èèyàn.

Inflammable ń jó. Flammable náà ń jó. Ìtumọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Èyí tí kì í jó ni wọ́n ń pè ní non-flammable.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé in- kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì sì rí àwọn méjèèjì gbà láti inú èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. In- kan wà tó ń yí ọ̀rọ̀ sódì, bí ó ti rí nínú incorrect àti incomplete. Ẹbí un- ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ nìyẹn. In- kejì kò yí ohunkóhun sódì. "Nínú", "sínú" tàbí "lórí" ni òun ń sọ.  Òun ló wà nínú inhabit, kí èèyàn máa gbé inú ibì kan. Flamma ni ọwọ́ iná ní Látìn, inflammare sì ni kí èèyàn ti iná bọ nǹkan, kó mú un gbiná. Ibẹ̀ ni inflammable ti wá: ohun tí a lè ti iná bọ̀, tí yóò sì gbà á. Àwọn in- méjèèjì yìí kì í ṣe ìbejì, wọn ò tilẹ̀ bára tan. Wọ́n kàn wọ aṣọ kan náà wá sóde ni, bí ìgbà tí èèyàn méjì ra àńkárá kan náà lọ́jà láìmọ ara wọn, tí gbogbo ayé wá ń kí wọn pé ẹ kú ìnáwó ẹbí.

Iná kan náà ló wà nínú inflammation tí dókítà ń sọ, ìyẹn ibi tó wú, tó pọ́n, tó ń gbóná lára èèyàn. Tí ẹ bá ra ibuprofen, tí ẹ sì rí anti-inflammatory lára páálí rẹ̀, oògùn apaná ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lójú títì, ká wọ ọgbà ilé-iṣẹ́. Ọ̀tà kì í ṣe ìlú àná. Ìlú Àwórì ni, ó ti wà tipẹ́ kí Ẹ̀gbá tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1842. Ní 1854 ni James White, ọmọ Yorùbá tó ti Sàró bọ̀, wá ṣiṣẹ́ ìjọ CMS níbẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń bá Bíbélì àti síléètì wọlé díẹ̀díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ilé-iṣẹ́ ní tiẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí ilẹ̀ Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í há, tó sì wọ́n, àwọn kọ́ńpìnì sọdá ààlà wá sí ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kejì 1976. Oko di ọgbà, ọgbà di ilé-iṣẹ́, Ọ̀tà sì di ọ̀kan lára àwọn ibi tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà: ike, irin, fóòmù, ọ̀dà, oúnjẹ, oògùn. Ọmọ tó kàwé díẹ̀ di ẹni tó ń ka pátákó fún ẹni tí kò kà rárá.

Ọ̀rọ̀ industry gan-an, in- ló fi bẹ̀rẹ̀. Indu- ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe in- tó ń jẹ́ "nínú" tẹ́lẹ̀, wọ́n fi mọ́ struere, kí èèyàn kọ́ nǹkan tàbí kó tò ó jọ. Akíkanjú ẹ̀dá tó ń ti inú ara rẹ̀ kọ́ nǹkan jáde ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ kó tó di ẹ́ńjìnnì àti èéfín.

Bí ẹ bá wá dé iwájú pátákó ìkìlọ̀ inú ọgbà náà, in- ló kún ibẹ̀ bámúbámú. INDUCTION fún òṣìṣẹ́ tuntun. INSPECTION ní ọjọ́ báyìí. INCIDENT, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. INJURY, ẹ sọ fún súpáfáísọ̀. INDEMNITY, ẹ buwọ́ lùwé níbí. Lára ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń kó tínà àti gọ́ọ̀mù sí, INFLAMMABLE. Ẹ dárúkọ èyí tó ń yí nǹkan sódì nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Induction kọ́: kí a mú èèyàn wọlé ni. Inspection kọ́: kí a wo inú nǹkan ni. Incident kọ́: ohun tó já lu èèyàn ni. Inflammable, a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ku méjì, àwọn méjèèjì ló sì kan ara àti owó òṣìṣẹ́. Jus ni ẹ̀tọ́ ní Látìn, injuria ni ohun tí kò tọ́. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó di orúkọ ọgbẹ́, ìwà àìtọ́ tí ẹnì kan hù sí ẹnì kejì ni. Ó wù wá kí gbogbo súpáfáísọ̀ mọ èyí, nítorí ojú tí wọ́n fi ń wo ìka tí ẹ̀rọ gé máa ń dà bí ẹni pé òjò ló pa á. Damnum ni àdánù. Indemnity ni kí èèyàn má pàdánù. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní pàdánù? Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń gbé síwájú kázúà ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kọ́ńpìnì ni in- yẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹni tó ń buwọ́ lùwé. Ọmọ tó bá rò pé in- ń sọ pé "nínú" lè rò pé wọ́n ń fi òun sínú ẹ̀tọ́ kan ni. Ohun tó wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa ni òfin Employees' Compensation Act ti 2010, èyí tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sínú àpò kan lọ́dọ̀ NSITF. Ẹ kọ lẹ́tà márùn-ún yẹn síbì kan.

Tí ó bá jẹ́ àtọ̀runwá ìyípadà lẹ́tà, im- nínú impossible, il- nínú illegal, ir- nínú irregular, ìyẹn ò yẹ kó ya ọmọ Ọ̀tà lẹ́nu rárá. In- kan náà ni gbogbo wọn, ahọ́n ló wá ìrọ̀rùn. Oyè ọba ìlú wa ṣe bẹ́ẹ̀. Oní- ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí a fi ń sọ pé ẹnì kan ló ni nǹkan: onílé, onírin. Tó bá pàdé aṣọ, á di aláṣọ. Tó bá pàdé epo, á di elépo. Tó bá pàdé Ọ̀tà, á di Ọlọ́tà. Kò sí ọmọ tí wọ́n nà ní Ọ̀tà nítorí pé kò mọ èyí.

Ní ti ìyísódì, àì- ni Yorùbá ń lò: àìmọ̀, àìsùn, àìgbọràn, àìlówó. Tí a bá fẹ́ pe ẹni tó ní in, ó di aláìmọ̀kan, aláìgbọràn. Àìsàn tí a ń dárúkọ lójoojúmọ́ láìronú, kí ara má sàn ni. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí CMS tẹ̀ jáde ní Èkó ní 1913, àwọn ọ̀rọ̀ tó fi àì- bẹ̀rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sì sí àì- kejì tó wá ń sọ pé "nínú". Tí tíṣà wa bá ní ká kọ èyí tí kì í jó ní Yorùbá, a ò bá kọ àìlèjó, kò sì ní sí ìjà.

Àwọn tó kọ́kọ́ bá inflammable jà kì í ṣe tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń sanwó lẹ́yìn iná ni, ìyẹn àwọn adójútòfò àti àwọn tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ iná ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1896, National Fire Protection Association. Nígbà tó di àwọn ọdún 1920, ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n gé in- kúrò, kí wọ́n máa kọ flammable. Ọ̀rọ̀ flammable ti wà tẹ́lẹ̀ ní ti gidi, ó ti hàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan ní 1813, àmọ́ kò sẹ́ni tó kà á sí. Iná ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Àwọn ará Britain fà sẹ́yìn díẹ̀. 1959 ni British Standards Institution wá sọ ọ́ gbangba pé flammable àti non-flammable ni àwọn fẹ́ kí èèyàn máa lò, kí ìtumọ̀ má bàa dàrú.

Ẹnì kan wà láàárín àwọn adójútòfò yìí tí ẹ ti lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí ẹ bá ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè: Benjamin Lee Whorf. Kẹ́míkà ló kọ́ ní MIT, ó sì wọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò iná kan ní ìlú Hartford ní 1919. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ wo ilé-iṣẹ́ kiri, kó mọ ohun tó ń fa iná. Nínú àròkọ kan tó jáde ní 1941, ọdún tí ó kú, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Níbi tí wọ́n kó dírọ́ọ̀mù epo tó kún sí, gbogbo èèyàn ń ṣọ́ra. Níbi tí wọ́n kó àwọn tí wọ́n kọ empty sí lára sí, wọ́n ń mu sìgá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dírọ́ọ̀mù òfìfo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí èéfín epo tí ojú kò rí ló kún inú rẹ̀. Ó tún sọ nípa ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ohun tí wọ́n ń pè ní spun limestone bo ẹ̀rọ wọn. Stone ló wà ní ìparí orúkọ náà, òkúta sì kì í jó, àbí? Wọn ò dáàbò bò ó lọ́wọ́ iná. Ó jó, ó sì jó gan-an.

Àwọn àgbà ní òfìfo àgbá ní í pariwo. Èèyàn ni wọ́n ń bá wí. Ti òfìfo àgbá epo, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń pariwo. Ẹ wo àwọn tó ń jórin láti Ṣàngó dé Ìyànà-Ìyẹ̀sí, bí wọ́n ṣe ń gé dírọ́ọ̀mù tí wọ́n rà lẹ́yìn ọgbà kọ́ńpìnì, kó lè di ààrò, kó lè di ohun ìgbomi. Òfin ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà, Factories Act ti 1987, kò gbàgbé wọn. Ó tẹ̀lé òfin Britain ti 1937, ó sì kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni jó tàbí gé ohun èlò tó ti gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí kí wọ́n tó mú gbogbo èéfín inú rẹ̀ kúrò. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n inflammable ni ó kọ, bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́ kó tó di 1959. Àwọn akọ̀wé ọ̀dà náà ń kọ ọ́ sára táńkà àti sára ilẹ̀kùn, a sì ń rí ìkejì rẹ̀ tí kò ní in- lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dòní.

A ò sọ pé ọ̀rọ̀ ló ń fa gbogbo iná o. Bẹntiróòlù, ọmọ ọdún márùn-ún mọ òórùn rẹ̀. Àwọn tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì sáré lọ sídìí táńkà tó ṣubú kì í ṣe nítorí pé wọn ò mọ ohun tí in- ń sọ. Ebi ló ń lé wọn lọ síbẹ̀. Ibi tí àfòmọ́ yìí ti ń ṣọṣẹ́ ni ara ohun tí èèyàn kò mọ̀ rí: kẹ́míkà tí kò rùn, ike olómi funfun tí ó dà bí omi, tí ọmọ tó dé síbi iṣẹ́ lánàá kò ní ohun mìíràn tí yóò fi dá a mọ̀ ju lẹ́tà mọ́kànlá tó wà lára rẹ̀ lọ.

Ohun tó tún dá kún un ni ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Láti Ọ̀tà, ọ̀nà yẹn gbé wa lọ sí ààlà Benin, ó sì ń bá a lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Yorùbá wà ní ìhín, Yorùbá wà ní ọ̀hún, àmọ́ Faransé ni wọ́n ń kọ sára táńkà lọ́hùn-ún. Inflammable ni Faransé ń pe èyí tó ń jó, kò sì sí àríyànjiyàn, torí ininflammable ni wọ́n ń pe èyí tí kì í jó. In- méjì tẹ̀léra wọn, ọ̀kan ń yí i sódì, èkejì ń sọ pé "sínú". Àwa rò pé ìyẹn ló mọ́gbọ́n dání jù, bí ó tilẹ̀ ń kọ́ni láhọ́n. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ má yọ̀ jù: ilé tí Gẹ̀ẹ́sì bá pè ní inhabitable, èèyàn lè gbé inú rẹ̀, ilé tí Faransé bá pè ní inhabitable, kò ṣeé gbé.

Láti 2003 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gbé ètò àmì kẹ́míkà kan jáde, tí àwòrán ọwọ́ iná wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà 1203 lára táńkà ń sọ pé bẹntiróòlù ló wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ní Ṣàngó tàbí ní Jámánì. Àwòrán kò ní àfòmọ́.

Ó ti fẹ́ dà bí ẹni pé Yorùbá kò ní ẹ̀bi kankan. Ó ní. Títí di nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, aiye la ń kọ, aiya la ń kọ. Ẹni tó bá wo lẹ́tà nìkan á rò pé àì- ló wà níwájú wọn, bí ẹni pé ayé jẹ́ àìsí nǹkan kan. Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ti 1966 ló gé i yẹn kúrò, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974: ayé, àyà. Àwa náà gé ọ̀rọ̀, bí àwọn apaná Amẹ́ríkà ṣe gé tiwọn. Orúkọ Aiyetoro ṣì wà lára pátákó ọ̀nà kan nínú ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, gẹ́gẹ́ bí inflammable ṣe wà lára táńkà.

Èyí tó burú jù ń bẹ lọ́wọ́ wa lórí fóònù. Ẹ wo WhatsApp yín: "Ma bo". Ṣé máa bọ̀ ni, àbí má bọ̀? Ẹni tó ń pè yín àti ẹni tó ń lé yín, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ.

Lọ́jọ́ kan ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, a yà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tó ń jórin. Dírọ́ọ̀mù búlúù kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí, a kò sì rí àmì ilé-iṣẹ́ kankan lára rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i lára: MA JO O. A bi ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ pé kí ló túmọ̀ sí. Ó ní, "Má jó o ni. Kẹ́míkà ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀." Èkejì bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ ni, kọ́sítọ́mà tó gbé e wá ló kọ ọ́, ó ní ká máa jó o lọ, òun ń bọ̀ lálẹ́." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ọ̀gá wọn kò dá sí i. Ó gbé iná ìjórin sílẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìdúró, ẹ̀gbọ́n," ó tú ìdérí dírọ́ọ̀mù náà, ó sì rán ọ̀kan nínú wọn lọ fa họ́ọ̀sì omi wá.